BÍ ÌPÀDÉ ÀWỌN AJÁWỌ́-ỌTÍ BÁ SÚ ARÁKÙNRIN RẸ
Ẹ̀kọ́ Àjọ̀dún fún gbogbo ọmọ ìjọ àti àwọn ìjọ tó wá bá wa yọ̀

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ, Magboro

Bíbélì kíkà: Òwe 23:29–35; Oníwàásù 4:9–12; Gálátíà 6:1–5; Jákọ́bù 5:16



  

Nínú ìwé àjọ̀dún báyìí, àdúrà, ààwẹ̀, ìdámẹ́wàá tàbí ìwà mímọ́ ni a sábà máa ń kọ ẹ̀kọ́ lé lórí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí n kọ ẹ̀kọ́ tọdún yìí, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ nípa ohun kan tó ń dùn mí lọ́kàn. Arákùnrin tó máa ń lu agogo fún ẹgbẹ́ akọrin wa kò ní sí láàárín wa lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Kò kú o, àlàáfíà ló wà, Ibafo níbí náà ló ń gbé. Ìpàdé tí a dá sílẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́ kó lè jáwọ́ nínú ọtí ló sú u, láti ibẹ̀ ni ìjọ fúnra rẹ̀ ti sú u. Èmi akọ̀wé sì wà lára àwọn tó fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́. Mo ti lọ bá a nílé. Ó ní kí n kọ ọ́, kí àwọn ìjọ mìíràn lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n, bí mi ò bá sáà ti dárúkọ òun.

BÍ ÌPÀDÉ WA ṢE BẸ̀RẸ̀

Ẹni tó bá ń gbé ọ̀nà ibí mọ̀ pé ọtí kò jìnnà sí wa. Ẹ lọ sí ìdíkọ̀ láàárọ̀ kùtù, ẹ ó rí obìnrin tó to ìgò páraga sórí tábìlì: egbò àti ewé tí wọ́n rẹ sínú ògógóró tàbí jíìnì. Ẹlòmíràn ń mu ún fún jẹ̀díjẹ̀dí, ẹlòmíràn fún ẹ̀yìn dídùn. Kí ó tó mọ̀, bí kò bá tíì mu ún láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ọtí inú ọ̀rá náà ńkọ́? Ọmọ iléèwé lè fi í sápò kí tíṣà má mọ̀. Ní oṣù Kejìlá 2018, àjọ NAFDAC bá àwọn tó ń ṣe é fọwọ́ sí àdéhùn pé kó kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí oṣù Kìíní 2024 bá parí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2024 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin mú un, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn wọ̀ ọ́, wọ́n sì tún sún ọjọ́ síwájú. Ẹni tó bá ń dúró kí ìjọba wá gba ìgò lọ́wọ́ ọmọ òun, ìdúró rẹ̀ lè pẹ́.

Ìdí nìyí tí a fi dá ìpàdé kan sílẹ̀ nínú ìjọ wa. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a fi sí, a ní orúkọ ọjọ́ náà yẹ iṣẹ́ náà. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kọ́kọ́ wá, ọkùnrin méje, obìnrin méjì. Awakọ̀ wà níbẹ̀, mẹkáníìkì wà níbẹ̀, tíṣà kan wà níbẹ̀, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì náà wà níbẹ̀. A to bẹ́ǹṣì yípo, a gbàdúrà ráńpẹ́, oníkálukú sọ bí ọ̀sẹ̀ ṣe rí fún un. Kò sí ìwàásù. Ẹni tó bá ti jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á gba ẹni tó jáwọ́ lánàá níyànjú.

Ẹ̀yin ará, kí n má purọ́, ó kọ́kọ́ dára. Arákùnrin alágogo yìí, tí ìyàwó rẹ̀ máa ń lọ wá kiri ilé ọtí lóru, bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sílé. Ọmọ rẹ̀ kékeré sọ fún tíṣà ọjọ́ Ìsinmi pé bàbá òun kì í bú òun mọ́. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, omi bọ́ lójú mi. Mo rò pé a ti borí.

OHUN TÓ BÀ Á JẸ́

Ìkínní ni ìwé orúkọ. Èmi ni mo gbé e dé. Akọ̀wé ni mí, ìwé ni mo mọ̀. Mo ra ìwé ńlá, mo kọ orúkọ wọn, ibi tí wọ́n ń gbé, àti iye ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi mutí láàárín ọ̀sẹ̀. Mo fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì yàrá alága ìjọ, àfi bí ẹni pé ìwé owó ọrẹ ni. Ta ló kà á, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí oṣù tó parí, wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìpàdé àwọn onílé, àwọn àna arákùnrin wa sì ti gbọ́ ọ ní Ifọ̀. Ohun tó fi ìtìjú sọ fún èèyàn mẹ́jọ ti di ọ̀rọ̀ ọjà.

Ìkejì ni ẹ̀rí jíjẹ́. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta tí kò ti fẹnu kan ọtí, a ní kó jáde wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́. Ó ní òun ò tíì fẹ́. A ní kó má fi ògo Ọlọ́run pamọ́. Ó jẹ́rìí, ìlù dún, gbogbo ìjọ jó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, níbi ìkómọjáde kan, wọ́n gbé bíà síwájú rẹ̀, ó sì mu ún. Ẹ wò ó, ẹni tí gbogbo ìjọ ti bá jó, báwo ló ṣe fẹ́ dìde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kó ní òun ti ṣubú? Kò sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń purọ́ fún wa, àwa la sì tì í síbẹ̀.

Ìkẹta ni olórí. Ẹni tí a fi ṣe olórí ìpàdé náà, ẹnu rẹ̀ dùn, ó mọ Bíbélì. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án yìí lọ sí Mowe, ó bá a nílé ọtí, ìgò mẹ́ta ti ṣófo níwájú rẹ̀. Nígbà tí arákùnrin wa gbọ́, ó ní, "Ta ni mo wá ń tẹ̀ lé láti ọjọ́ yìí?" Kò padà wá mọ́.

Ìkẹrin ló burú jù, torí ẹ̀mí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síbẹ̀. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì yẹn, ojoojúmọ́ ló ń mu ògógóró láti nǹkan bí ogún ọdún. A ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kó já a lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kejì ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń làágùn, ó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó ṣubú lulẹ̀, gìrì mú un. A ní ọ̀tá ló ń jà, a ń wọ́n omi àdúrà sí i lára. Ìyá ìjọ kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wọlé tó pariwo pé, "Ẹ gbé mọ́tò wá! Ọtí tó já lójijì ló ń bá a jà, ẹ fẹ́ pa á?" Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ìkarùn-ún ni àwọn obìnrin. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ò wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀mùtí kì í ṣe ohun tí obìnrin lè sọ níwájú ọkùnrin méje. Kò sẹ́ni tó bi í. A kàn kọ "kò wá" síwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé mi.

KÌ Í ṢE Ọ̀DỌ̀ WA LÓ TI BẸ̀RẸ̀

Nígbà tí mo ń dá ara mi lẹ́bi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa irú ìpàdé báyìí, mo sì rí i pé ohun tó ṣe wá ti ṣe àwọn ẹni àná.

Ní 1840, ní ìlú Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀mùtí mẹ́fà tí wọ́n jọ ń mu nílé ọtí kan pinnu pé àwọn jáwọ́. Wọ́n fi orúkọ George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ wọn, sọ ẹgbẹ́ náà. Ọ̀nà wọn kò le: ọ̀mùtí á dìde, á sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ọ̀mùtí ẹgbẹ́ rẹ̀, á sì mú ẹlòmíràn wá. Ẹgbẹ́ náà tàn bí iná ọyẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì 1842, Abraham Lincoln, tí kò tíì di ààrẹ nígbà náà, bá wọn sọ̀rọ̀ ní Springfield, ó sì bá àwọn tó ń fi èébú àti ìdájọ́ lé ọ̀mùtí kiri wí. Ṣùgbọ́n kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ẹgbẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ìjà òṣèlú wọ̀ ọ́, ìjà pẹ̀lú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀ ọ́, àwọn gbajúmọ̀ tó ń jẹ́rìí níbẹ̀ sì ń ṣubú ní gbangba. John Gough, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹnu wọn dùn jù, ni wọ́n bá nínú ìmutípara ní New York ní 1845. Ó ní wọ́n fi nǹkan sínú ohun tí òun mu ni. Ìwé ìròyìn gbé e kiri. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ọkùnrin yìí kò torí ẹ̀sín náà padà sínú ọtí. Ó ń sọ̀rọ̀ lòdì sí ọtí títí di 1886 tó kú.

Èkejì ni ẹgbẹ́ tí ayé mọ̀ jù, Alcoholics Anonymous, ìyẹn àwọn ọ̀mùtí tí kì í dárúkọ ara wọn. Ní 1934, ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Ebby Thacher lọ bá Bill Wilson nílé rẹ̀ ní New York, ó sọ fún un pé Ọlọ́run ti gba òun lọ́wọ́ ọtí. Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà, Wilson jáwọ́, kò sì mutí mọ́ títí ó fi kú ní 1971. Ní oṣù Karùn-ún 1935, ó wà ní ìlú Akron, òwò rẹ̀ ti bàjẹ́, ilé ọtí wà nísàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì tó dé sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ yà síbẹ̀. Ó lọ sídìí tẹlifóònù, ó ń pe àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n bá òun wá ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Bó ṣe pàdé Dókítà Bob Smith nìyẹn, àwọn méjèèjì ló sì dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ náà wá ńkọ́? Ebby Thacher padà sínú ọtí. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó kú ní 1966. Bí Wilson bá sọ pé, "Ẹni tó wàásù fún mi ti ṣubú, irọ́ ni gbogbo rẹ̀," ọtí ni ì bá pa á. Òótọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ló dì mú, kò sì fi ọ̀rẹ́ náà ṣẹ̀sín.

Ẹgbẹ́ náà fi ìṣubú àwọn ti 1840 kọ́gbọ́n. Nínú ìlànà méjìlá tí wọ́n fọwọ́ sí ní Cleveland ní 1950, wọ́n ní àwọn kò ní dá sí òṣèlú, àwọn kò ní gba owó lọ́wọ́ ará ìta, kò sí ọ̀gá tó ń pàṣẹ, ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ ti di ọmọ ẹgbẹ́, orúkọ ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dé inú ìwé ìròyìn tàbí rédíò. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo rántí ìwé ńlá mi, ojú tì mí.

Kí a má sì lọ jìnnà. Àwa Aládùúrà, ẹgbẹ́ kékeré la ti wá. Ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, àwọn èèyàn díẹ̀ kóra jọ fún àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1925, Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akíńṣọ̀wọ́n dá Ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó, ní 1929 àwọn olórí méjèèjì pínyà. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn bàjẹ́ nígbà náà. Ṣé àdúrà tán? Kò tán. Ẹgbẹ́ lè ya, olórí lè ṣìnà, ohun tí a torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kò torí ìyẹn di irọ́.

OHUN TÍ ÌPÀDÉ LÈ ṢE ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Ẹ ṣí Gálátíà orí kẹfà. Pọ́ọ̀lù ní kí a bá ara wa gbé ẹrù. Ẹ kà á síwájú díẹ̀, ẹ ó rí i tó sọ pé oníkálukú ni yóò ru tirẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ méjèèjì takora. Kò takora rárá. Ẹ wo ẹni tó ru ìkòkò omi láti odò: ẹlòmíràn lè bá a gbé e kà á lórí, ẹlòmíràn lè bá a sọ̀ ọ́ nílé, ṣùgbọ́n ọrùn tirẹ̀ ni yóò fi rù ú délé. Ìpàdé jẹ́ ọwọ́ tó ń báni gbé nǹkan karí. Kì í ṣe ọrùn.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn pàápàá ti wò ó. Ní 2020, wọ́n gbé àbọ̀ ìwádìí ńlá kan jáde tó kó ìwádìí 27 pọ̀ lórí èèyàn 10,565. Wọ́n rí i pé nínú 100 èèyàn tí a ràn lọ́wọ́ láti wọ irú ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous yìí, nǹkan bí 42 ni kò fẹnu kan ọtí rárá nígbà tó pé ọdún kan, ti àwọn tó gba ìtọ́jú mìíràn sì jẹ́ nǹkan bí 35. Ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ìpàdé wúlò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ìranù. Èkejì, àwọn tí kò rí bẹ́ẹ̀ nínú 100 náà ju ìdajì lọ. Nítorí náà, bí arákùnrin kan bá ní, "Mo lọ, kò ràn mí lọ́wọ́," ẹ má ṣe sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Òótọ́ ló lè máa sọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ìpàdé kò sì lè wo ohun tó jẹ́ ti dókítà. Ẹni tó ti ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, bí ó bá já a lẹ́ẹ̀kan náà, ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárín wákàtí díẹ̀, gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ méjì, láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ọpọlọ rẹ̀ lè dàrú, kó máa rí ohun tí kò sí. Ó lè pa èèyàn. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn. Ara tó ti mọ́ ọtí lára ló ń wá a. Oògùn rẹ̀ wà nílé ìwòsàn. Oògùn tún wà, bíi naltrexone àti acamprosate, tí dókítà lè fún ẹlòmíràn lẹ́yìn náà kí ọkàn rẹ̀ má máa fà sí ọtí.

A ò gbọ́dọ̀ máa yára pe gbogbo nǹkan ní ti ẹ̀mí. Ẹ rántí Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù Kẹrin 2015. Àwọn èèyàn ń kú lójijì, orí ń fọ́ wọn, ojú wọn kò ríran mọ́. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò, methanol ni wọ́n rí, ìyẹn májèlé kan tó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Bí wọ́n bá tètè sáré lọ sílé ìwòsàn dípò ìdí òrìṣà, ẹ̀mí mìíràn ì bá yè.

ÌMỌ̀RÀN

Sí ìwọ tí ìpàdé ti sú. Arákùnrin mi, arábìnrin mi, o lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Bí wọ́n bá tú àṣírí rẹ, wọ́n ṣẹ̀ ọ́. Bí olórí bá tàn ọ́, ó ṣẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìgò kọ́ ni yóò gbẹ̀san fún ọ. Bí ọ̀pá tí arọ fi ń rìn bá ṣẹ́, ọ̀pá mìíràn ló ń wá, kì í jókòó sáàárín títì márosẹ̀. Fi ìpàdé yìí sílẹ̀ bí o bá fẹ́, kí o wá òmíràn. Bí ìpàdé kò bá bá ọ lára mu rárá, wá ẹnì kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ le, tí o lè pè lóru. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Arò ní ẹ̀ka fún àwọn tí ọtí àti oògùn olóró ti di bárakú fún. Kì í ṣe wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Bí o bá sì tún ṣubú, má ṣe sọ pé gbogbo ọjọ́ tó ti kọjá ti ṣòfò. Pẹ́ títí, akólòlò á pe baba.

Sí ẹbí rẹ̀. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò tí gbogbo ayé wá kọ́ lára rẹ̀. Aláìsàn á wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kan, wọn á gba ilé sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, á máa gba ìtọ́jú, á sì máa bá àwọn ará abúlé gbé bí ọmọlúwàbí. Ó mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í dá gbé àìsàn. Nítorí náà, ẹ má ṣe lé ọkọ tàbí ọmọ yín lọ sí ìpàdé kí ẹ sì padà sùn. Ẹ bá a lọ dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ kó ọtí kúrò nílé. Níbi ìnáwó, ẹ gbé omi tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò síwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ kéde ìdí rẹ̀.

Sí àwa ìjọ. Kí a má ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ohun tí a bá sọ nínú ìpàdé, inú ìpàdé ni kó kú sí. Kí a má fi ipá mú ẹnikẹ́ni jẹ́rìí. Ẹ̀rí tó bá pọ́n á já fúnra rẹ̀. Jákọ́bù ní kí a jẹ́wọ́ fún ara wa, kò ní kí a fi ìjẹ́wọ́ ẹlòmíràn lulẹ̀ kiri. Kí ìpàdé má sinmi lé olórí kan ṣoṣo, kí wọ́n máa darí rẹ̀ ní ìyípo. Kí àwọn obìnrin ní tiwọn lọ́tọ̀. Kí a má sì fún ọ̀mùtí ní ààwẹ̀ kí dókítà tó rí i.

BÍ MO ṢE LỌ BÁ A

Mo lọ sí Ibafo ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lẹ́yìn òjò. Mo mú ìwé ńlá náà dání. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, kò kí mi dáadáa, mi ò sì dá a lẹ́bi. Mo sọ fún arákùnrin wa pé, "Àbúrò mi, èmi ni mo tú àṣírí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá. Àwọn yòókù, wọ́n kàn ń rán ìwé ìkésíni àjọ̀dún sí mi ni." A jọ lọ sẹ́yìnkùnlé, a fi kẹrosíìnì díẹ̀ sí ìwé náà, a dáná sun ún.

Mo bi í bóyá ó ṣì ń mutí. Kò purọ́ fún mi. Ó ní òun ń mu ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, àti pé òun ti lọ rí dókítà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun kò lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn mọ́ láéláé. Mo ní kò pọn dandan. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà mìíràn a máa ń sọ̀rọ̀, nígbà mìíràn a kàn máa ń gbọ́ rédíò. Nígbà tí mò ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, ó ti tó ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí kò tíì fẹnu kàn án. Mi ò pè é ní ẹ̀rí o. Mo kàn ń sọ ọ́ fún yín kí ẹ lè bá a gbàdúrà, láìdárúkọ. Ọlọ́run mọ ẹni tí à ń wí.

Agogo rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí ẹgbẹ́ akọrin. Kò sẹ́ni tí a gbé e fún.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín bíbá ẹnì kan gbé ẹrù àti gbígba ẹrù rẹ̀ rù? (Gálátíà 6:1–5)
2. Nínú ohun márùn-ún tó ba ìpàdé wa jẹ́, èwo ló wà nínú ìjọ tiyín? Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?
3. Bí ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́ bá sọ fún ọ lónìí pé òun fẹ́ já a, ibo ni wàá kọ́kọ́ mú un lọ, kí sì nìdí rẹ̀?
4. Ta ni ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ tí o ti rí i nínú ìjọ? Ta ló ti lọ wò ó?

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọba, Ìwọ tí kì í sú láti gbé ẹni tó ṣubú dìde, dárí jì wá níbi tí ẹnu wa ti fọ́ ohun tí ọwọ́ Rẹ mọ. Fún àwa olùrànlọ́wọ́ ní etí tó ń gbọ́ àti ẹnu tó ń dákẹ́. Ẹni tí ìpàdé ti sú, má jẹ́ kí ayé sú u. Mú un padà bó bá ṣe wù Ọ́, lọ́nà tó bá wù Ọ́. Kí àjọ̀dún tó ń bọ̀, kí a gbọ́ agogo náà. Àmín.